Ẹ Jẹ́ Kí N Kà Yín

Wọ́n ní kí n jókòó sílé. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ láti Èkó, lórí fóònù. Ó ní mo ti ṣiṣẹ́ tó, kí n máa gba atẹ́gùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa ka Bíbélì mi. Mo bi í léèrè pé ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí Ìbẹ̀fún, wọ́n gbé mi lọ sí Ìjagun, wọ́n tún gbé mi padà. Ní gbogbo ọdún náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ òkè àti odò tí èmi fúnra mi kò fojú rí rí. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè Ìdànrè sójú pátákó, èmi tí n kò dé Oǹdó rí. Bí ọmọ kan bá yà á wọ́, màá ní kó tún un yà. Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ náà ló yà á bó ṣe yẹ? Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìjókòó ló kù fún un. Ìrìn ló kù.

A ní ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò wa, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà pọ̀ nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wà. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí la jọ ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, ọ̀rọ̀ tí a sì ń sọ níbẹ̀ kò ju méjì lọ: ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ti kú. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti dìde dúró, tí a dákẹ́ fún ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, mo ní kí alága gbà mí láyè. Mo ní gbogbo ìrìn tí ẹgbẹ́ wa ń jọ rìn, ìdí sàréè ló ń parí sí. Mo ní ṣé a kò lè jáde lọ wo nǹkan nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu?

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága wa, tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gíga, ní kí tíṣà rántí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé là ń kó lọ wòran, a kì í kó àgbàlagbà. Mo ní mo rántí. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ na ọwọ́ sókè. Wọ́n na ọwọ́, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹni tó bínú pé mo ka ọwọ́ òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí mo ṣe di olórí ìrìn-àjò nìyẹn. N kò gba ìwé-ẹ̀rí kankan fún un. Mo ra ìwé ìforúkọsílẹ̀ tuntun, irú èyí tí a fi máa ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, mo sì kọ orúkọ gbogbo wọn sí i pẹ̀lú oògùn tí olúkúlùkù ń lò àti nọ́ńbà fóònù ọmọ wọn. Awakọ̀ kan ní àdúgbò wa ní bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó gbà.

Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ kò jìnnà rárá. Òkè-Ẹ̀rì ni a lọ, lọ wo Erédò, yàrà ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ: nínú àwa àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún, ẹni méjì péré ló ti rí i rí. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó, àwa tó jẹ́ pé ó wà lẹ́yìnkùlé wa kò yà wò ó. A dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, ògiri amọ̀ ga lọ́tùn-ún lósì, ewéko bò ó, ó tutù bíi yàrá tí a kò ṣí fèrèsé rẹ̀. Gbogbo ariwo tí a pa nínú ọkọ̀ rọlẹ̀.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. N kò dé ẹ̀fà tí ẹnìkan fi di ìka mi mú.

Agbẹ̀bí ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì dàgbà jù nínú wa. Ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi méjèèjì. Ìjẹ̀bú ponbele ló ń sọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ.

“Tíṣà, kí lẹ̀ ń kà?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá, kí n lè mọ̀ bóyá a pé.”

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ẹran Iléyá ni wá ni?”

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ká ìka mi kò. Ó wá kọ́ mi ní bí a ti í ṣe é: kí n kàn bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé a pé, wọn yóò dá mi lóhùn. Mo bèèrè. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “A pé! A ò ní dín láṣẹ Ọlọ́run!” Ó dùn mọ́ mi. Ó dà bí ìgbà tí kíláàsì bá kí tíṣà.

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ fún Màmá lọ́jọ́ náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò sì sí òbí kan tó wá bá mi jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ ni, n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní olórí líle. Mo gbà fún wọn. Nínú gbogbo àṣìṣe mi, èyí ni mo ka sí àṣìṣe gan-an.

Oṣù méjì-méjì là ń jáde lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà sì ń yé mi sí i. Mo kọ́ pé olórí kì í rìn níwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni kí ó bá rìn, kí ó sì ṣe bí ẹni pé òun náà fẹ́ rìn jẹ́ẹ́. Mo kọ́ pé a kì í bi àgbàlagbà pé ṣé ó fẹ́ tọ̀, nítorí yóò ní rárá. Ńṣe ni kí o sọ pé ìwọ ni ìtọ̀ ń gbọ̀n, kí ọkọ̀ dúró, gbogbo wọn á sì sọ̀ kalẹ̀. Níbi gbogbo tí a bá dúró sí, tí a bá fẹ́ gbéra, màá bèèrè pé, “Ṣé gbogbo wa pé?” Wọn á ní, “A pé! A ò ní dín!”

Àdúrà ni wọ́n ń gbà, èmi sì rò pé èsì ni wọ́n ń fọ̀. Ẹ rò ó wò. Nínú àwọn àgbà tó jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, ta ni yóò la ẹnu pé, “A ò pé”? Ọ̀rọ̀ tí ẹnu àgbà kì í sọ jáde ni. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ wò yíká tí ó rí àga tó ṣófo, yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé olúwa rẹ̀ ń bọ̀, yóò sì dáhùn pẹ̀lú àwọn yòókù pé a pé.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sí Ìdànrè.

Bàbá kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Bàbá Olórógbó. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti lọ sí Mẹ́kà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra níbikíbi, yóò yọ orógbó nínú àpò rẹ̀, yóò gé e, yóò pín in kiri, kódà fún awakọ̀. Òun àti ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n jọ gun òkè náà. Mo ń ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń lọ, mo sì ń pè é sókè kó lè mú wọn lọ́kàn le. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé a kì í ka àtẹ̀gùn. Nígbà tí a dé òkè, tí mo rí àwọn àpáta tí mo ti ń yà sójú pátákó láti ìgbà èwe mi, mo rí i pé n kò yà á dáadáa ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tí mo ní kó tún un yà ló yà á bó ṣe yẹ.

Nígbà tí a ń bọ̀, a dúró ní Orè kí a jẹun, kí a sì na ẹsẹ̀. Oòrùn ti ń rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo bèèrè. Wọ́n dáhùn, ohùn wọn dùn, gbogbo wọn ti yó. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ.

A ti dé Ògbèré kí a tó mọ̀. Agbẹ̀bí ló na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, pé kí wọ́n fi orógbó sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó yí padà. Àpò Bàbá wà lórí àga, fìlà rẹ̀ wà lórí àpò, kò sí Bàbá. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù náà dún nínú àpò.

Awakọ̀ wá ibi tí ó ti lè yí padà ní òpópónà náà, ó sì pẹ́ kó tó rí i. Mo jókòó síwájú, mo gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ lé itan, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò lálaalẹ́. Oògùn náà sì wà nínú àpò yẹn. Títí tí a fi dé Orè, n kò rí nǹkan mìíràn lójú àyàfi bí mo ṣe fi àgbà sílẹ̀ sí ìlú onílùú nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín.

A bá a níwájú mọ́sálásí kékeré kan, níbi tó ti lọ kírun, lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Obìnrin náà ti fún un ní omi àti búrẹ́dì. Bàbá dìde.

“Mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín,” ó wí. “Mo fi bútà juwọ́ sí yín títí.”

Bútà tó fi ṣàlùwàlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ Orè níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dìde.

Ọmọ rẹ̀ àgbà wá sí ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, ó bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Lẹ́yìn tí ó lọ tán ni alága ka ohun tí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ti fi ẹnu kò sí. Kí n bẹ Bàbá níwájú ìpàdé. Kí ìrìn-àjò dópin. Bí ó bá sì pọndandan kí a tún lọ, kí ọkùnrin ṣe olórí, nítorí iṣẹ́ náà ju agbára obìnrin lọ.

Mo dìde. Mo tún bẹ Bàbá, nítorí ẹ̀bẹ̀ tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo ní èyí tó kù kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ní kì í ṣe obìnrin ló gbàgbé Bàbá sí Orè. Àwa mẹ́rìndínlógún tó jókòó sínú ọkọ̀, tí ẹnu wa pé àmọ́ tí orí wa kò pé, àwa la gbàgbé rẹ̀. Mo ní mo bẹ̀bẹ̀ pé n kò kà yín. Mo ní ẹnikẹ́ni kò tún ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu mi pé mo fẹ́ kà yín. Láti òní lọ, bí ọkọ̀ bá dúró, màá kà. Bí ó bá fẹ́ gbéra, màá kà.

Agbẹ̀bí ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òun. Ó ní bí mo bá máa kà, òun kò ní lọ.

“Ẹ máa jókòó sílé nìyẹn, Màmá,” mo wí. “Màá ra nǹkan bọ̀ fún yín.”

A kì í bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò lè dúró.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní ilé ìgbẹ̀bí, bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹ fẹ́ fa iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lọ́wọ́, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Mo bímọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí yín.”

“A máa ń ka àwọn ọmọ.”

“Ọmọ ta ni?”

“Tíṣà, iṣẹ́ nìyẹn.”

“Èyí náà, iṣẹ́ ni.”

Alága ní kí n jókòó. Kí n tó jókòó, Bàbá Olórógbó na ọwọ́. Ó ní nígbà tí òun lọ sí Mẹ́kà, ní ẹnu gbogbo bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń ka àwọn, wọ́n so okùn aláwọ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń kà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. Ó ní òun lọ, òun bọ̀. Ó ní ibi kan ṣoṣo tí wọn kò ti ka òun ni Orè.

Síbẹ̀, alága ní ìpàdé kò fọwọ́ sí i. Mo ní n kò bèèrè ìfọwọ́sí. Mo ní bí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ̀ yóò wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Erin-Ìjẹ̀ṣà là ń lọ, lọ wo omi tó ń ti orí àpáta ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó wá. Mo kó ìwé mi, mo jáde.

Ọ̀rọ̀ ìjà rọrùn láti sọ nínú gbọ̀ngàn. Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, aago mẹ́fà lù, èmi àti awakọ̀ nìkan la wà lẹ́nu géètì. Awakọ̀ yán. Ó wo ojú ọ̀nà.

“Màámi, ṣé àwa méjì la máa lọ ni?”

“Tó bá jẹ́ àwa méjì, a ó lọ.”

Mo sọ ọ́, mo sì ní in lọ́kàn, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Bí a bá dé Erin-Ìjẹ̀ṣà ní àwa méjì, mo mọ̀ pé ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa ti kú nìyẹn, a ó sì padà sí ìdí sàréè tí a ti wá.

Bàbá Olórógbó ló kọ́kọ́ dé. Ó rọra ń rìn bọ̀, àpò rẹ̀ lọ́rùn, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ kan, bútà lọ́wọ́ kejì. Ó ní ọmọ òun ní kí òun má ṣe wá, òun sì rán an létí ta ló bí ta. Àwọn méjì tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́ta tún dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó fi di aago mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n ti di mẹ́wàá. Alága kò wá, n kò sì retí rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni agbẹ̀bí yọ ní ìkóríta, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ jókòó sídìí fèrèsé, ó sì kọjú síta.

Mo dúró síwájú, mo kọjú sí wọn. N kò na ìka, nítorí ọ̀rọ̀ Màmá tọ̀nà nípa ìyẹn: kò dára kí a máa na ìka sí àgbà lójú. Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń tọ́ka jẹ́jẹ́, mo sì ń pè é sókè kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Bàbá Olórógbó ń mi orí sí i. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo fò ó, mo ka ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo parí rẹ̀ sí ẹ̀wá, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo yí padà láti jókòó.

“Tíṣà.”

“Mà.”

“Ẹ ti fò mí.”

“Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà yín, Màmá.”

Ó ṣì kọjú sí fèrèsé. “Kí ẹ wá lè gbàgbé èmi náà sí Ìbàdàn, àbí? Ẹ padà síwájú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì kà á dáadáa bí ẹni tó lọ sílé-ìwé.”

Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ. Mo padà síwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì kìíní, ó ní, “Mo wà.” Mo kà á títí dé ọ̀kànlá, mo sì ní kí awakọ̀ máa lọ.